Ohun Tí Mo Sọ Nípa Chakradhar

Texas, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́

Nanna, bàbá tó bí mi lọ́mọ,

Ẹ foríjì mí pé mo tilẹ̀ dá a láṣà láti kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ojú mi gbà á. Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ, torí n kò mọ irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ tó dójú ti bàbá rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé èmi ni, tí ẹ kò sì fẹ́ kà á, ẹ fún ìyá mi, Amma, kó bá mi kà á sí yín létí.

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín láti ibí. Ẹ kú ọdún Sankranti. Ṣé Amma fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya àwòrán sójúde bó ṣe máa ń ṣe? Ṣé àkàrà dídùn ariselu pọ̀? Èmi jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ ọdún.

Mo ti ń pè yín láti ọjọ́ tí fíìmù tuntun òṣèré yín Chakradhar ti jáde. Fóònù yín ń dún, ẹ kò gbé e. Ti Amma náà ń dún, òun náà kò gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, orí bébà là ń gbé e lé; ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ lẹ́tà ọjọ́ ìbí sí Chakradhar lọ́dọọdún kí ẹ tó bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kì í ṣe láti wẹ ara mi mọ́. Ẹ mọ̀ pé àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà la máa ń kọ́kọ́ rí fíìmù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Palakollu, ìlú wa. Èmi àti Lasya tí a jọ ń gbé yàrá kan wọkọ̀ lọ wo fíìmù náà, Ẹkùn Kolleru. Gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú. Nígbà tí Chakradhar kọ́kọ́ yọ, wọ́n da bébà wẹ́wẹ́ sókè, gbogbo ènìyàn ń ké "Ẹ̀gbọ́n Àgbà", mo súfèé títí ètè mi fi gbẹ. Nígbà tí a jáde, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ń bi ẹnikẹ́ni tó bá jáde pé báwo ló ṣe rí i, torí àwọn ará ilé ń retí ohun tí a máa sọ kí àwọn náà tó wọlé wò ó.

Ọkùnrin kan ní, "Apá àkọ́kọ́, iná ni. Apá kejì, ẹ gbé ìrọ̀rí dání." Òmíràn ní ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ará Andhra, ìpínlẹ̀ wa, ni. Obìnrin kan tó gbé ọmọ léjìká ní, "Èmi ò tẹ̀lé ìtàn rẹ̀ o. Ọmọ ń ké, Chakradhar ń ké, gbogbo wa la jọ ń ké." Lasya ní orí ń fọ́ òun, ṣùgbọ́n òun ó tún padà wá lọ́la. Ó wá kàn mí. Nanna, n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ẹ mọ̀ mí. Bí olùkọ́ bá wò mí ní kíláàsì níbí, bàtà mi ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n ó gbé máíìkì sí mi lẹ́nu, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: "Ìjà dára, orin dára. Ṣùgbọ́n àánú Chakradhar ṣe mí. Orúnkún ń dùn ún. Kí wọ́n jẹ́ kó lọ sinmi."

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. N kò bú u. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ká ní mo bú u ni, ì bá sàn. Èèyàn lè bú ọba kó sì sá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá káàánú ọba ti yọ ọ́ lóyè.

Lasya fi hàn mí pé fídíò náà ti dé Palakollu. Mo rí ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òṣèré kékeré yẹn tó ń bá Chakradhar figagbága kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ọmọ ààrẹ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Chakradhar rèé o. Inú ilé ni ògiri ti là." N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí. Nanna, mo bẹ̀ yín, ẹ kàn kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi. Bó bá jẹ́ èébú ni, ẹ bú mi.

Ọmọ yín,
Mrudula


Palakollu, ọjọ́ karùn-ún oṣù Èrèlé

Mrudula,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á fún bàbá rẹ. Ó yí ojú sí ògiri.

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti ń jẹ ìrẹsì, àbí búrẹ́dì yẹn náà ni? Fi nǹkan bo etí rẹ bí o bá ń jáde, etí ni òtútù máa ń gbà wọlé sí ọ lára láti kékeré. Mo di ariselu tìrẹ sínú ike, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún tí mo lè fi rán. Ó ti ń le bí òkúta.

Ẹnu rẹ yìí, ọwọ́ ta lo ti jogún rẹ̀? Bí àlejò bá wọlé, mo máa ń bẹ̀ ọ́ kí o kí wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo máa ń sá sí. Ọjọ́ tí o wá máa sọ̀rọ̀, o kò wá ẹnì kan tàbí ẹni méjì sọ ọ́ fún, gbogbo ayé lo sọ ọ́ fún. Ṣé o fẹ́ mọ bó ṣe rí? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn òṣèré kékeré yẹn gbé ohùn rẹ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí kẹ̀kẹ́ márúwá, wọ́n ń wà á yí ilé sinimá ká láàárọ̀ ọjọ́ tí fíìmù jáde, níbi tí ẹgbẹ́ bàbá rẹ ti ń so ọparun pọ̀ láti gun un lọ da wàrà sórí àwòrán ńlá Chakradhar, bí wọ́n ṣe máa ń bọlá fún un. "Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú rẹ̀ ṣe mí." Inú ilé ìdáná ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ rò pé o ti dé ni. Inú mi dùn, Mrudula. Mo ti fẹ́ gbé ìkòkò kaná kí n tó mọ̀.

Ìyàwó oníwúrà òdìkejì kí mi lánàá. Ó ní, "Ọmọ yín gbọ́n o, ó mọ ẹni tó ti rẹ̀." Kíkí wo nìyẹn?

Má pè. Bàbá rẹ kò ní bá ọ sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ohùn mi. Ó ń jẹun. Ó ń sùn. Yàrá iwájú ló ń sùn báyìí, ó ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ti yan ọmọ Suribabu tó ń tún fóònù ṣe ní ààrẹ. Wọ́n ní bàbá rẹ ti gbìyànjú, kó lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an ni wọ́n mú lò. Àwòrán ńlá Chakradhar yẹn, wọ́n fẹ́ jù ú sínú odò, ni mo bá ní kí wọ́n gbé e wá fún mi, mo fi bo orí ilé ẹfọ̀n ọ̀sìn wa. Rọ́bà rẹ̀ nípọn, òjò kò ní wọlé. Bí bàbá rẹ bá wo ojú fèrèsé, Chakradhar ló ń wò ó padà.

Kàwé rẹ. Bí o bá fẹ́ ṣe wá lóore, kàwé rẹ.

Ìyá rẹ


Texas, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Èrèlé

Nanna,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo ti dìde báyìí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò lè sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Amma ní ẹ yí ojú sí ògiri. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi nítorí Chakradhar. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ sí i, èwo ló fèsì sí? Ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn ìṣirò ní ilé-ìwé, tí wọ́n pe orúkọ mi tí mo ń wo ìjókòó yín, ìlú Vijayawada lẹ wà, ẹ dúró sínú oòrùn kí ẹ lè rí Chakradhar kó juwọ́ nínú mọ́tò. Ẹ dé, ẹ ní, "Ó wò mí lójú." Amma fi yín rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbà yín gbọ́, mo sì gbàgbé ẹ̀bùn mi. Ẹni tí kò fèsì rí, ẹ kò fi í sílẹ̀. Èmi tí mo ń fèsì ni ẹ kò dá lóhùn.

Mo máa ń jókòó ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ olùkọ́ á máa kọjá lórí mi bí ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n dá ìdánwò mi àkọ́kọ́ padà, n kò lè fi han Lasya. Gbogbo wọn níbí ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo máa ń rò pé bóyá ẹni tí kò lè sọ òtítọ́ láìba nǹkan jẹ́, kò yẹ kó rìn jìnnà sílé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo máa ń rò pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti yan Chakradhar ju mi lọ, pé fídíò yẹn kàn jẹ́ kí ẹ rí àyè fi hàn ni.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹ má dákẹ́.

Mrudula


Texas, ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà

Amma mi,

Ẹ dákun, bí ìwé tí mo kọ sí Nanna kò bá tíì dé, ẹ má fún un. Ẹ fi dáná. Bó bá ti dé, ẹ ní ibà ló ń ṣe mí nígbà tí mo kọ ọ́. Ibà kò ṣe mí.

Ọmọ Suribabu kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù. Ó ní kí n bá òun kí Ààrẹ àná, pé Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n tètè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo ní kí ló ń wí, kò fèsì mọ́. Amma, mo tún ìwé yín kà. Nanna kì í lè sùn níbi tí ariwo títì bá wà. Kí ló gbé wọn dé yàrá iwájú?

Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Mrudula


Palakollu, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà

Mrudula, ìyá mi,

Má wo bí ìwé mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ìdùbúlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ ọ́, bírò kì í sì í yọ dáadáa bó bá kọjú sí òrùlé.

Ìyá rẹ kò sọ fún ọ nítorí èmi ni mo ní kó má sọ. Mo ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ tí fíìmù jáde. Kì í ṣe ìwọ lo tì mí, má bẹ̀rẹ̀ ẹkún. O mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ààrẹ máa ń dúró, àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbé wàrà gòkè. Kẹ̀kẹ́ yẹn wá kọjá pẹ̀lú ohùn rẹ. Ọmọ Suribabu wò mí, ó ní, "Ààrẹ, ọmọ yín ní kí àgbà lọ sinmi. Ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ràn mi. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Mo ká aṣọ ìdí mi sókè, mo gba agolo wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gun ọparun.

Mo dé òkè, Mrudula. Mo dé ibi tí ojú rẹ̀ wà. Mo da wàrà sí i lórí, wọ́n sì ń pariwo orúkọ nísàlẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Ìgbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ ni. Wàrà tí mo dà ti ṣàn sára ọparun tí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ lé. Àwọn ọmọ tí mo máa ń rán mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kejì là ń gbà sọ̀kalẹ̀. Èmi tí mo ti ń pàṣẹ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò mọ̀.

Egungun ìbàdí ni. Wọ́n fi irin sí i. Dókítà ní n ó rìn. Ó sọ ọ́ bí a ṣe máa ń sọ fún ọmọdé pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún.

Ìwé tí o dìde dúró kọ, mo kà á. Òótọ́ lo sọ, kò fèsì rí. Kò sì wò mí lójú ní Vijayawada. Gíláàsì mọ́tò náà dúdú.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. N kò tíì wo Ẹkùn Kolleru. Òun ni fíìmù Chakradhar àkọ́kọ́ tó kọjá mi láti ìgbà tí mo ti hu irùngbọ̀n. Kí wọ́n tó gbé mi kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní ilé sinimá. Àwọn èèyàn ń wá kí mi, wọ́n ń ní, "Ààrẹ, báwo lẹ ṣe rí i?" Mo máa ń ní, "Iná ni." Ìyá rẹ pàápàá rò pé mo ti wò ó lórí fóònù. N kò ní wo Chakradhar nínú nǹkan tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Kò tíì kéré ju ilé lọ lójú mi rí.

Gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá yìí ló ń parọ́ fún mi, nípa ẹsẹ̀ mi, nípa fíìmù. Ìwọ nìkan ni kò tíì parọ́. N kò tíì dárí jì ọ́ o. Má jẹ́ kí "ìyá mi" tí mo pè ọ́ tàn ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún mi. Orúnkún wo ló ń dùn ún? Kí lo rí gan-an tí àánú fi ṣe ọ́?

Nanna


Texas, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Igbe

Nanna mi,

Ìdí àpótí lẹ́tà ni mo ti ka ìwé yín, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwọn èèyàn ń fo mí kọjá. N kò ní ní kí ẹ foríjì mí, torí ẹ ti ní ẹ kò tíì ṣe tán. Ẹ bi mí léèrè ni, n ó dáhùn.

Lẹ́yìn tí ẹ kò gbé fóònù nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo padà lọ wò ó, èmi nìkan. Wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò níbí náà. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni, kò sẹ́ni kankan nínú gbọ̀ngàn àfi bàbá kan tó ń sùn. Mo ti ya bébà wẹ́wẹ́ sínú àpò mi, bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí mo máa ń jókòó léjìká yín. Nígbà tó yọ, mo dà á sókè. Orí èmi náà ló padà bọ́ sí. Nígbà tí iná tàn, mo kúnlẹ̀, mo ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àga, kí obìnrin tó ń gbálẹ̀ má bàa bú wa.

Orúnkún òsì ni, Nanna. Nínú ijó, àwọn ọmọbìnrin ló ń jó yí i ká, òun ń ju ọwọ́ nìkan. Nínú ìjà orí adágún, ẹni tó fò láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì kì í ṣe òun, ọrùn onítọ̀hún gùn. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fọ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ẹyin sísè. Ìyẹn kò dùn mí. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń súfèé.

Ibi tó dùn mí nìyí. Ọ̀tá rẹ̀ wọ inú ilé, ó bá a lórí àga. Ó yẹ kó dìde, kí ilẹ̀ sì mì. Wọ́n ti gbé orin sókè dè é. Ó dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dìde, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti apá àga, ọwọ́ náà gbọ̀n, ó sì wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí ilẹ̀ wà. Bí èèyàn bá ṣẹ́jú, kò ní rí i. Bóyá wọ́n tún un yà títí, tí ìyẹn sì ni èyí tó dára jù. Èmi rí i torí mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe ń dìde nídìí oúnjẹ kí n tó kúrò nílé. Ẹ ó fi ọwọ́ ti ògiri, ẹ ó wo ilẹ̀, ẹ ó wá wò wá bóyá a rí yín. Èmi àti Amma á máa wo inú abọ́ wa.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí nìyẹn. N kò lè pe orúkọ yín sínú máíìkì, mo pe tirẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ni yóò bà.

Amma gbé fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹkún la fi owó fóònù sun. Ó ní bí mo bá kúrò níbí kí sáà tó parí, wọn kò ní gbà mí padà, ẹ̀yin náà kò sì ní gbà mí sílé. Kí ni n bá tilẹ̀ wá ṣe? N kò lè gbé yín dúró. Kò sí ilé sinimá kankan tí fíìmù yẹn ṣì wà, tí n bá fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì yín lọ. Wọ́n ń sọ pé òmíràn ń bọ̀ ní Sankranti tó ń bọ̀, pé yóò gun ẹṣin nínú rẹ̀. N kò fẹ́ mọ ẹni tó máa bá a gun ún.

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Amma bá yín ka ìwé yìí. Ẹ fúnra yín kà á, kí ẹ sì fi í sábẹ́ ibùsùn níbi tí ìgbálẹ̀ kì í dé. Bí ẹgbẹ́ bá wá kí yín, ẹ máa wí pé iná ni. Bí wọ́n bá béèrè tèmi, ẹ ní ọmọ yín ní òun kò rí i dáadáa, pé ó dìde bí ẹkùn. Èmi náà á máa sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ tó gbọ̀n yẹn, ẹ má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni, kódà ojú tó ń wò yín láti orí ilé ẹfọ̀n. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé kò sẹ́ni tó rí i.

Mrudula